Abẹ́rẹ́ Ẹ̀ẹ̀kan, Iṣẹ́ Oṣù Kan: Ohun Tí Omi Ògì Mọ̀ Nípa Òògùn

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn, olùkọ́ àti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé sọ ní Àkúrẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin àgbà tó wà lórí ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru wá síbí láìfojú kan oorun, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ẹ kú ilé. Ẹ̀yin ará Ondó Èkímògún tí ẹ wọkọ̀ wá láàárọ̀ yìí, ẹ kú ọ̀nà. Gbogbo wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Apòògùn òyìnbó ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ohun tó wà nínú ìgò, kí n sì mọ ohun tó máa ṣe bó bá dénú ara. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà ló bi mí ní ìbéèrè tó gbé mi dé iwájú yín lónìí. Àbúrò ìyá mi ni. Oko kòkó ló ń dá lẹ́yìn ìlú Ondó. Ìtọ̀ ṣúgà mú un, ó sì di dandan kó máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, òògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Iná kò dúró ládùúgbò wọn, nítorí náà fíríìjì obìnrin kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́bàá títì ló ń kó àwọn ìgò rẹ̀ sí. Lóòótọ́, ìgò tí a ti ṣí lè fara da ìta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru kò bá ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú ahéré onípáànù, lọ́sàn-án gangan, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ooru kò pọ̀ jù? Nítorí náà, bí ìgbà ìkórè bá dé tó bá lọ sùn lóko fún ọ̀sẹ̀ méjì, abẹ́rẹ́ kì í bá a lọ.

Nílé ìwòsàn, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kì í gbọ́ràn. Èmi náà bá a wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, mo rò pé mo mọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó wá ní, “Ọmọ mi, ṣé òògùn ló yẹ kó máa tẹ̀lé èèyàn ni, àbí èèyàn ló yẹ kó máa tẹ̀lé òògùn kiri?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, èsì ìbéèrè yẹn ni. Àwọn kan ti ń ṣe é láti bí àádọ́ta ọdún: wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa fi òògùn sínú àpò kékeré kan, tí wọ́n á gún un sára lẹ́ẹ̀kan, tí òògùn á máa yọ jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, fún oṣù kan, nígbà mìíràn fún oṣù mẹ́ta. Bó bá ṣiṣẹ́ tán, àpò náà á pòórá. Kò sí ohun tí dókítà máa yọ.

Ọ̀rọ̀ kìíní: kí ló dé tí a kò lè gbé e mì?

Kí ló dé tí a ń gbé Panadol mì, tí a kò sì lè gbé ínsúlínì mì? Nítorí pé púrótéènì ni ínsúlínì. Ẹbí kan náà ni òun àti ẹran, òun àti ẹyin, òun àti ẹ̀wà. Bó bá dé inú ikùn, ikùn kò mọ̀ pé òògùn ni. Bó ṣe ń ṣe mọ́ínmọ́ín náà ló ṣe máa ṣe é: á gé e sí wẹ́wẹ́, á jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti oṣù kìíní ọdún 1922, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní ínsúlínì ní Toronto, abẹ́rẹ́ ni, abẹ́rẹ́ ló ṣì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Bó bá tún dé inú ẹ̀jẹ̀, kì í pẹ́ níbẹ̀. Ara ní ohun tó ń gé púrótéènì, kíndìnrín sì ń sẹ́ ẹ. Họ́mónù tó ń mú ọmọ dàgbà, tí òun náà jẹ́ púrótéènì, bí a bá gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ìdajì wákàtí tó pé, ó ti ń lọ sí ìdajì. Ẹ wá wo ọmọ ọdún márùn-ún tí ara rẹ̀ kò lè ṣe họ́mónù yìí fúnra rẹ̀. Lálaalẹ́ ni wọ́n á máa gún un títí tó fi máa bàlágà.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ìyá á sọ pé, ṣebí abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ti wà fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí? Ó wà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe púrótéènì. Òògùn yẹn fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn omi; bí ẹ bá gún un, á jókòó síbẹ̀, á máa yọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Púrótéènì kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. A ní láti yá a ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ kejì: àpò tó ń di ara

Ta ló ti ṣe ògì rí níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́. Ó dára, ẹ pọ̀.

A rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a fi omi lé e lórí. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, omi orí rẹ̀ ti kan. Kí ló mú un kan? Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ń-tín tí ojú kò lè rí ló jẹ ṣúgà inú àgbàdo, tí wọ́n sì yọ ásíìdì kan jáde. Lactic acid ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun náà ló wà nínú yọ́gọ́ọ̀tì. Òun náà ni ẹran ẹsẹ̀ yín ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń sáré gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè. Ara mọ̀ ọ́n. Ara ti ń bá a gbé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Ó ní ìbátan kan tó ń jẹ́ glycolic acid. Ìyẹn wà nínú ìrèké.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe nìyí: wọ́n so ẹyọ ásíìdì méjèèjì yìí mọ́ra bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lórí okùn kan ṣoṣo. Ó di ohun líle, ó dà bí ike. PLGA lorúkọ rẹ̀. Àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ló kọ́kọ́ mọ ìwúlò irú okùn báyìí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ òwú tí wọ́n fi ń rán inú ara tí a kì í padà wá tú. Láti àwọn ọdún 1970 ló ti wà lọ́wọ́ wọn. Omi inú ara ló ń wọ àárín okùn, tó ń já a ní oríkèé-oríkèé, títí tó fi tún padà di ásíìdì méjì yẹn. Ara wá ń jó wọn bí ó ṣe ń jó oúnjẹ, wọ́n di èémí tí à ń mí síta, wọ́n di omi.

Àwọn àgbà wa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Mi ò tíì rí òwe tó bá ẹ̀rọ kan mu tó báyìí. Àpò yìí pẹ́ lára, ó di ara.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń fi òògùn sínú rẹ̀? Ẹ rántí àkàrà. Ẹ̀wà tó rọ̀ lẹ bu sínú epo gbígbóná. Bó ṣe kàn án, ara rẹ̀ le, edé àti àlùbọ́sà tó wà láàárín kò sì lè jáde mọ́. Níbi tí mo ń sọ yìí, ìdàkejì ni. Wọ́n yọ́ PLGA nínú omi kẹ́míkà kan tó ń tètè fẹ́ lọ bí epo bẹntiróòlù. Wọ́n da òògùn tó wà nínú omi lásán sí i, wọ́n pò ó kíkankíkan títí ó fi di ẹ̀kán wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n wá da àpòpọ̀ yìí sínú omi púpọ̀, wọ́n tún ń rò ó. Ó pín sí ẹ̀kán róbótó-róbótó. Kẹ́míkà yẹn fẹ́ lọ, PLGA le, òògùn há sínú. Èmi ń pè wọ́n ní hóró róbótó. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 0.01 sí 0.1 mílímítà. Kò gbọdọ̀ tóbi jù, kó má baà dí ẹnu abẹ́rẹ́. Kò sì gbọdọ̀ kéré jù, nítorí àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ wa á gbé e mì bí ẹni pé kòkòrò àrùn ni.

Wọ́n tún lè sọ iye ọjọ́ tó máa lò. Bí tinú ìrèké bá ṣe pọ̀ sí i, títí dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni hóró ṣe ń tètè yọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Bí tinú ògì bá pọ̀ ju èkejì lọ, á pẹ́. Bó bá jẹ́ tinú ògì nìkan, ó lè ju ọdún kan lọ. Ẹ ò rí i bí? Bí a ṣe lú àwọn èròjà méjèèjì pọ̀ ni òògùn fi ń mọ ọjọ́ tó máa pẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ kẹta: púrótéènì, gèlè ni

Ibí yìí ni wàhálà wà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí, nítorí àwọn ìwé ìròyìn sábà máa ń fò ó.

Lọ́dún 1976, onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Robert Langer, òun àti dókítà oníṣẹ́-abẹ kan, Judah Folkman, ní Boston, kọ̀wé jáde pé àwọn ti mú púrótéènì yọ jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú nǹkan bí ike. Àwọn àgbà onímọ̀ kò gbà. Wọ́n ní púrótéènì ti tóbi jù láti gba inú ike kọjá. Langer fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé ìwé mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí òun kọ láti fi tọrọ owó ìwádìí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dá padà. Àmọ́ ó rí i lójú ara rẹ̀ pé ó ń jáde. Ike tó lò nígbà náà kì í tilẹ̀ ń yọ́ nínú ara. Tinú ògì ló padà wá gba ipò rẹ̀.

Ọdún 1989 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tó fi ọ̀nà han àwọn yòókù, Lupron Depot, fún jẹjẹrẹ próstéètì tó máa ń mú àwọn bàbá wa. Kó tó dé, ojoojúmọ́ ni abẹ́rẹ́. Nígbà tó dé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bàbá tó ń gba bí ọgbọ̀n abẹ́rẹ́ lóṣù wá ń gba ẹyọ kan! Lẹ́yìn náà ni ti octreotide, òògùn mìíràn tó jọ họ́mónù, dé ní 1998. Exenatide ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, fún ìtọ̀ ṣúgà ti àgbàlagbà, dé ní 2012. Ẹ gbọ́ o: inú itọ́ alángbá olóró ńlá kan tó ń gbé aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí exenatide. Olódùmarè ló mọ ibi tó fi òògùn pamọ́ sí.

Kí ló wá dé tí ti ínsúlínì kò tíì sí? Ẹ ka ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú mi. Púrótéènì náà, okùn ìlẹ̀kẹ̀ ni. Òògùn inú Lupron, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́sàn-án. Exenatide, 39. Ínsúlínì, 51. Họ́mónù ìdàgbàsókè, 191. Okùn kúkúrú, bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ kò jọ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n okùn gígùn kì í ṣe okùn mọ́. Gèlè ni. Ìṣẹ́po rẹ̀ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìyá tó wé gèlè rẹ̀ dáadáa lọ sóde, bí atẹ́gùn bá tú u, ṣé aṣọ kọ́ ni? Aṣọ kan náà ni, kò dín, kò lé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gèlè mọ́. Púrótéènì tí ìṣẹ́po rẹ̀ bá ti tú, kò lè ṣiṣẹ́. Ó sì tún lè lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ara máa bá a jà bí àlejò.

Ibo ni gèlè ti ń tú? Nígbà tí wọ́n ń pò ó kíkankíkan, níbi tí omi àti kẹ́míkà yẹn ti ń fẹnu kanra. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ ẹ́. Èyí tó burú jù wà nínú ara gan-an. Ẹ rántí pé ásíìdì ni hóró ń dà bó ṣe ń yọ́. Omi ògì tí a kò dà nù, kíkan ló ń kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì tó há sínú hóró róbótó ń kan sí i, púrótéènì sì wà láàárín rẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú mílíìkì, kí ẹ wo bó ṣe máa dì. Ohun tó ń ṣe òògùn nínú ibẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n wá ọgbọ́n sí i, ọgbọ́n náà sì wú mi lórí. Lọ́dún 2000, àwọn kan gbé ìwé jáde pé àwọn fi èròjà inú Milk of Magnesia, òògùn funfun tí ẹ ń mu fún inú kíkan, sínú hóró pẹ̀lú púrótéènì. Ó ń pa kíkan yẹn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn lo zinc. Wọ́n so họ́mónù ìdàgbàsókè mọ́ zinc, ó dì, kò lè tètè tú. Wọn kò sì dá ọgbọ́n yẹn fúnra wọn; inú ara wa gan-an, zinc ni a fi ń dì ínsúlínì pamọ́ kó tó jáde.

Ìṣòro kejì kúkúrú. Ẹ wo bọ́ọ̀sì tó wọ gáréèjì: àwọn tó so mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ló ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kó tó dúró pàápàá. Òògùn tó lẹ̀ mọ́ èèpo hóró náà á tú jáde lọ́jọ́ kìíní. Fún họ́mónù ìdàgbàsókè, ara lè gbà á. Fún ínsúlínì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, èèyàn á dákú, ó lè kú. Ínsúlínì sì tún gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá o jẹun tàbí o kò jẹun. Hóró tó ń tú bákan náà tọ̀sán-tòru kò mọ̀yẹn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá tà yín ní ínsúlínì olóṣù kan, ẹ má rà á. Ínsúlínì ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ kan ti gba àṣẹ ní Yúróòpù ní 2024, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ló gbà: púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ wa ló ń so mọ́.

Họ́mónù ìdàgbàsókè tí mo sọ yẹn wá ńkọ́? Ó dé. Ọdún 1999 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Nutropin Depot. Ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ lálaalẹ́ wá ń gba ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ní 2004, wọ́n dá a dúró. Kì í ṣe pé ó pa ẹnikẹ́ni. Ṣíṣe rẹ̀ ló nira, ó sì gbówó. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ó ṣì ń dùn mí. Nígbà tí ìṣirò owó bá dé, ta ló ń ka iye alẹ́ tí ọmọdé fi sunkún?

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ìyá tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi

Ẹ jẹ́ ká wálé, sí ìpínlẹ̀ wa níbí. Ọmọ tuntun ní Nàìjíríà ń gba àjẹsára nígbà ìbí, tún gbà á ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, kí ti oṣù mẹ́sàn-án tó dé. Ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ lè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ. Àmọ́ ìyá tó wà ní Ìlàjẹ, tó ń gbé orí omi, ọkọ̀ ojú omi ni. Bí òjò bá rọ̀ lọ́sẹ̀ kẹwàá ńkọ́? Bí kò bá sí owó ọkọ̀ lọ́sẹ̀ kẹrìnlá ńkọ́?

Púrótéènì ni èròjà inú ọ̀pọ̀ àjẹsára wọ̀nyẹn. Láàárín àwọn ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe agbátẹrù ìwádìí láti fi àjẹsára àrùn ipá (tetanus) sínú hóró PLGA, kí abẹ́rẹ́ kan ṣiṣẹ́ mẹ́ta. Gèlè tú, kò dé ọjà. Ṣùgbọ́n ní 2017, àwọn ọmọ iṣẹ́ Langer ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ife tín-ń-tín kan láti ara PLGA. Wọ́n rọ òògùn sínú rẹ̀, wọ́n fi ìdérí dé e. Ife kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó máa ṣí. Lára eku ni wọ́n ti dán an wò. Bí a bá gún oríṣi ife mẹ́ta papọ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀kan lè ṣí lónìí, ọ̀kan lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀kan lóṣù kejì. Ìyá Ìlàjẹ á wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ara ọmọ rẹ̀ á máa gba ìyókù nínú ilé. Mo gbàdúrà pé kí n rí ọjọ́ yẹn.

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé. Láti ara ẹ̀gẹ́ náà ni a ti lè rí ásíìdì ògì. Mo mọ̀ pé èyí tó máa wọ ara èèyàn gbọ́dọ̀ mọ́ kọjá èyí tí à ń fi ṣe ike. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, a ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, níbí láti 1981, a ní yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Ondó. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tó jókòó lẹ́yìn, ẹ̀yin ni mò ń wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú délé

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí abẹ́rẹ́ oníhóró bá dé ọwọ́ yín, omi tó bá a wá nínú páálí nìkan ni kí ẹ fi pò ó. Hóró máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ògì, nítorí náà ẹ gbọn sírínjì dáadáa, kí ẹ sì gún un lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lọ dáhùn ẹlòmíràn, omi lásán lẹ máa gún sí aláìsàn. Ẹ má ṣe fọwọ́ ra ojú ibẹ̀. Ẹ má ṣe pín in sí méjì nítorí owó.

Ẹ̀yin tó ń tọ́jú bàbá yín nílé, ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ sára kàlẹ́ńdà ògiri. Òògùn yìí kì í kígbe nígbà tó bá tán.

Bí ẹ bá sì rí ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ déédéé, ẹ bi í léèrè ọ̀nà tó ń rìn kí ẹ tó bá a wí. Àbúrò ìyá mi ti lọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo ra ìkòkò amọ̀ méjì fún un, ńlá kan, kékeré kan. A kó yanrìn tútù sáàárín, a sì ń kó ínsúlínì sínú èyí tó wà nínú. Ìyẹn ló ń bá a lọ sóko. Káàdì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kì í gbọ́ràn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Ó ku ìbéèrè. Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ògì. Màmá, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ gbọ́.